Àga Oníke, Ẹní Àsálátù àti Iṣan Ẹsẹ̀ Mi

Alhaja Múínátù ló kọ́kọ́ ṣẹ̀ mí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Mo dárúkọ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà máa méfò kiri Jeppestown pé ta ni mò ń bá wí. Òun ni. Bí ó bá ń ka èyí lórí fóònù rẹ̀, kí ó fara balẹ̀ kà á dé ìparí.

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ka ọ̀rọ̀ mi ti ń béèrè ìdí tí ẹ ò fi rí mi ní àsálátù fún ìgbà pípẹ́, àti ìdí tí mo fi padà dé tí mo wá ń jókòó pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni tó gbé ẹyin lé orí itan. Ẹ gbọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀ sí mi. Mi ò ní fi iyọ̀ kún un, mi ò sì ní yọ nǹkan kan kúrò níbẹ̀.

Tíṣà ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Báyọ́lọ́jì ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní Ìjẹ̀bú-Òde títí irun mi fi funfun. Bàbá mi ló kọ́ mi ní kéwú kí n tó mọ A B D, nítorí náà mo mọ Kùránì kà, mo sì mọ̀ ọ́n túmọ̀. Nígbà tí ọkọ mi kú, ọmọ mi ọkùnrin ní kí n wá máa gbé lọ́dọ̀ òun ní Johannesburg níbí. Thandeka, ìyàwó rẹ̀, ọmọ Alexandra nínú ìlú yìí ni. A máa dé orí òun náà láìpẹ́.

Èmi àti Múínátù la jọ dá àsálátù àwọn obìnrin sílẹ̀ ní Jeppestown, nínú yàrá kan lókè ilé àwọn tẹ́lọ̀. Ní ọjọ́ tí a bẹ̀rẹ̀, ẹní kan ṣoṣo ló wà nílẹ̀, àwa méjèèjì la sì wà lórí rẹ̀. Òun ń ta irun àti ìpara, èmi ò ta nǹkan kan. Òun ń pe àwọn obìnrin wá, èmi ń kàwé fún wọn. Ẹgbẹ́ ara wa ni wá. Sàfú ló ń pè mí, Múínà ni mo ń pè é. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Ní ọjọ́ Sunday kan nígbà tí òtútù bẹ̀rẹ̀, a kírun tán, mo fẹ́ dìde látorí àtáyá, ìjókòó orí gìgísẹ̀ tí a fi ń parí ìrun, ẹsẹ̀ mi kọ̀. Ó kàn há ni. Mo gbá èjìká ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi mú, mo dìde, ọ̀rọ̀ parí. Àbí ta ni kò tíì ṣẹlẹ̀ sí rí?

Sunday tó tẹ̀lé e, mo wọlé, mo rí àga oníke funfun kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Múínátù gbé ohùn sókè kí gbogbo yàrá lè gbọ́. Ó ní: “Màmá, àga yín nìyí o. Ẹ máa sinmi níbẹ̀. Ẹ ti ṣe tó.”

Màmá. Ta ni màmá ẹ̀? Ọdún kan náà la bí àkọ́bí wa.

Àwọn obìnrin yòókù sì dáhùn pé “Àmín.” Ta ló ṣàdúrà?

Kí ẹ tó ní kí ló burú nínú kéèyàn fún arúgbó ní àga, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí a ti ń ṣe é. Ní àsálátù wa, orí pátákó kékeré tí a gbé lé ẹní ni Kùránì máa ń wà. Ẹni tí yóò kà á tí yóò sì túmọ̀ rẹ̀ á jókòó nílẹ̀ níwájú rẹ̀. Ẹni tó bá jókòó ga ju Kùránì lọ lè gbọ́, ṣùgbọ́n kò lè kà á fún àwọn tó wà nílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ na ẹsẹ̀ sí i. Èmi ni mo fi ìlànà yẹn lélẹ̀, bí bàbá mi ṣe fi kọ́ mi. Mi ò kábàámọ̀ rẹ̀ títí di òní.

Ṣé ó ti yé yín báyìí? Ẹni tó gbé mi sórí àga ti gba ìwé lọ́wọ́ mi.

Kíákíá ni wọ́n sì ní kí Múínátù bọ́ síwájú. Ó jókòó síbi tí mo máa ń jókòó sí, ó ṣí Kùránì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Mi ò ní sọ pé kò mọ̀ ọ́n kà. Ṣùgbọ́n bí ó ṣe ń tajà ló ṣe ń túmọ̀: ó ń fi tirẹ̀ kún un kó lè tà. Mo wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn, mò ń wo ẹ̀yìn orí àwọn èèyàn. Atẹ́gùn òtútù ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé, ó ń kan ẹsẹ̀ mi.

Ìyá Bàṣírà, ẹni tó máa ń se oúnjẹ fún wa, ló wá bá mi lẹ́yìn ìgbà díẹ̀. Ó ní òun lè bá wọn sọ ọ́ kí wọ́n gbé Kùránì sórí tábìlì, kí n wá jókòó sórí àga ní iwájú, kí n máa kà á lọ. Mo ní rárá. Tí mo bá gba tábìlì, mo ti fọwọ́ sí i pé òótọ́ ni Múínátù sọ nìyẹn. Ilẹ̀ ni mo fẹ́. Mo fẹ́ jókòó nílẹ̀ látìgbà tí ìwé kíkà bá bẹ̀rẹ̀ títí tó fi máa parí, kí n sì dìde láìdi ẹnikẹ́ni mú. Ohun tí mo fẹ́ nìyẹn, mi ò fẹ́ nǹkan mìíràn.

Mo wá ṣe ohun tí mo rò pé ó bọ́gbọ́n mu. Tí nǹkan bá há, ṣebí kí wọ́n fà á ni? Ní àárọ̀, bí mo bá ti kírun Ṣùbúhì tán, n óò jókòó sórí kápẹ́ẹ̀tì, n óò fi ìborùn kọ́ àtẹ́lẹsẹ̀ mi, n óò máa fà á. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé níbí mọ òtútù àárọ̀ Johannesburg ní oṣù kẹfà. Ilé wa ò ní ohun tó ń mú inú ilé móoru. Ara mi tutù bí omi ẹ̀rọ, mo sì ń fa ẹsẹ̀.

Lẹ́yìn náà, n óò jókòó lé gìgísẹ̀ mi bí ìgbà tí a bá wà lórí àtáyá, n óò máa fi ìdí jó sókè sódò kí ẹsẹ̀ lè gbà. Ó ń dùn mí. Mo rò pé ìrora yẹn ni àmì pé ó ti ń gbà. Àwọn àgbà ṣáà sọ pé ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké.

Mi ò wo ẹnu àáké lóòótọ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ẹran ẹ̀yìn ojúgun mi dún “pọ́.” Ó dà bí ìgbà tí ẹnì kan sọ òkò lù mí lẹ́yìn. Mo tiẹ̀ yíjú wo ẹ̀yìn kí n mọ ẹni tó sọ ọ́.

Thandeka ló sáré wọlé. Ó wo èmi, ó wo ìborùn tó so mọ́ ẹsẹ̀ mi, ó ní: “Eish, Mama.” Kò bi mí ní nǹkan kan. Mo fẹ́ràn rẹ̀ fún ìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò tíì sọ fún un rí. Ó gbé mi sínú mọ́tò. Gbogbo róbọ́ọ̀tì, iná tó ń darí ọkọ̀, tó wà lójú ọ̀nà ló dá wa dúró, gbogbo ìgbà tó bá sì tẹ búrékì ni ẹsẹ̀ mi ń rán mi létí Múínátù.

Dókítà ní iṣan náà fàya díẹ̀, kò já tán. Nígbà tí wíwú rẹ̀ lọ sílẹ̀, wọ́n ní kí n lọ rí àwọn tó ń tọ́jú iṣan àti oríkèé ara, àwọn tí wọ́n ń pè ní físíò. Ọ̀kan wà ní Braamfontein, nínú ilé gíga kan tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń wọlé jáde níbẹ̀ bí èèrà.

Ọmọbìnrin tó jókòó dè mí níbẹ̀ ń jẹ́ Fìṣàyọ̀. Ìlú yìí ni wọ́n bí i sí, ṣùgbọ́n ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni bàbá àti ìyá rẹ̀. Mo ń sọ Yorùbá, ó ń fi Gẹ̀ẹ́sì dá mi lóhùn. Gbogbo ohun tí mo sọ ló gbọ́, ẹnu rẹ̀ ni kò gbà á. Ó kúnlẹ̀ kí mi o, n ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀, ó sì dìde wọ̀ọ̀. Inú bí mi.

Ó bi mí pé kí ni mò ń ṣe tí iṣan mi fi fàya, ṣé eré ìdárayá ni? Mo ní rárá, ogun ni. Ó rẹ́rìn-ín, kó tó rí i pé èmi ò rẹ́rìn-ín.

Mo wá sọ gbogbo rẹ̀ fún un: àga, Kùránì, ìborùn, òtútù. Ó gbọ́ ọ dé ìdí. Lẹ́yìn náà ló gbé ẹsẹ̀ mi sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀yìn ojúgun mi, ó sì ń ṣàlàyé. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ohun tí èmi tíṣà báyọ́lọ́jì kò mọ̀.

Ó ní ẹran ara kì í dá wà. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wé e. Ó wé fọ́nrán kọ̀ọ̀kan, ó wé ìdì fọ́nrán, ó tún wé gbogbo rẹ̀ pọ̀, títí tó fi lọ di okùn líle tó so ẹran mọ́ eegun. Mo ní mo mọ awọ náà. Tí ẹ bá ń fọ ẹran màlúù, awọ funfun tín-ín-rín tí ọ̀bẹ máa ń yọ̀ lórí rẹ̀ nìyẹn. Ìgbà tí mo wà ní yunifásítì, tí a bá ń tú ẹran wò, ṣe ni a máa ń gé e jù nù kí a lè rí ẹran dáadáa. A ò mọ̀ pé apá kan iṣẹ́ ara la ń gé jù nù.

Ó ní nígbà tí èèyàn wà ní ọ̀dọ́, àwọn fọ́nrán inú awọ yẹn ń yọ̀ lára wọn, omi àti ohun yíyọ̀ wà láàárín wọn. Bí ọdún bá ti ń gorí ọdún, omi yẹn á máa dín kù, awọ náà á máa ki, fọ́nrán á sì máa so mọ́ ara wọn bí okùn aṣọ tó ti gbó sínú òjò àti oòrùn. Ẹran fúnra rẹ̀ á máa dín, ọ̀rá àti nǹkan líle á máa gba ààyè rẹ̀. Nítorí náà, tí ẹ bá fà á, kì í tètè gbà. Tí ẹ bá sì já a gbà lójijì, kò ní àǹfààní láti nà, ó máa fàya ni, pàápàá níbi tí ẹran àti okùn rẹ̀ ti pàdé. Ibẹ̀ náà ló sì ti ṣe mí.

Mo bi í pé ṣé ó ti parí nìyẹn. Ṣé kí n padà sórí àga mi?

Ó ní kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ní iṣan arúgbó ṣì ń gbọ́ ọ̀rọ̀, kò kàn fẹ́ kí wọ́n jágbe mọ́ ọn ni. Ó fẹ́ ooru kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án. Ó fẹ́ kí wọ́n nà án díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n sì dúró síbẹ̀ pẹ́ ju bí ọ̀dọ́ ṣe máa ń dúró lọ, láìjó sókè sódò. Ó fẹ́ kí wọ́n ṣe é lemọ́lemọ́, kí wọ́n sì fún un ní ìsinmi. Ó tún fẹ́ agbára, nítorí ẹsẹ̀ tó nà tí kò lágbára kò lè gbé ẹnikẹ́ni dìde nílẹ̀.

Mo ní ìgbà wo ló máa gbà. Ó ní oṣù ni kí n máa rò, kí n má ro ọ̀sẹ̀. Ó sì kìlọ̀ fún mi pé tí mo bá kọ́kọ́ rí ìyàtọ̀, kí n má yọ̀ jù, nítorí kì í ṣe pé iṣan náà ti gùn sí i. Ọpọlọ ló ń kọ́ bí kò ṣe ní máa kígbe bí ẹsẹ̀ bá nà. Awọ yẹn fúnra rẹ̀ kò tètè yí padà.

Ẹ ò rí nǹkan. Ọpọlọ mi ló ń kígbe, ẹsẹ̀ mi ni mò ń fìyà jẹ.

Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí. N óò kọ́kọ́ rìn yíká àgbàlá títí ara mi yóò fi móoru, tàbí kí n ṣe é lẹ́yìn tí mo bá ti fi omi gbígbóná wẹ̀. N óò ká kúbùsù nípọn, n óò fi í sáàárín ìdí mi àti gìgísẹ̀ mi, n óò jókòó lé e ní ìjókòó àtáyá. Ibi tí ẹsẹ̀ bá ti sọ pé “ó tó,” ibẹ̀ ni n óò dúró sí. N óò ka Áyátúlì Kúrúsíyù tìdùnnú-tìdùnnú, láìkánjú, n óò sì dìde. Nígbà tí ẹsẹ̀ bá ti gbà, n óò tú ìpele kan kúrò nínú kúbùsù. Tí mo bá ń se ẹ̀wà, n óò di etí síǹkì mú, n óò máa fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ gbé ara mi sókè, n óò tún sọ̀ kalẹ̀ jẹ́jẹ́. Ẹ̀wà kì í tètè jinná, ó sì dára bẹ́ẹ̀.

Àwọn ọmọ-ọmọ mi ń rẹ́rìn-ín. “Gogo is exercising,” pé ìyá àgbà ń ṣe eré ìdárayá, ni wọ́n á máa sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ wọn. Ọmọ mi ọkùnrin ní kí n rọra, kí n gbà pé àgbà ti dé. Abọ́ ìrẹsì mẹ́ta ló ń jẹ lálẹ́, kò lè tẹ̀ ba kó so okùn bàtà rẹ̀, òun ló ń kọ́ mi ní àgbà.

Ti Thandeka yàtọ̀. Lọ́jọ́ kan ó bọ́ bàtà, ó wá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bí mo ṣe jókòó. Ó jókòó wọ̀ọ̀ láìsí kúbùsù. Ó ní ìyá òun ní Alexandra ti fi àdúrà orí ìkúnlẹ̀ sílẹ̀, pé orí ìjókòó ló ń gbà á báyìí, ó sì ń sunkún sí i. Ó ní kí n fi bí wọ́n ṣe ń ṣe é han òun kí òun lè lọ fi han ìyá òun. Mo fi hàn án. Ìlara ń ṣe mí bí mo ṣe ń fi hàn án, ṣùgbọ́n mo fi hàn án.

Ó pẹ́ o. Àwọn ọ̀sẹ̀ kan wà tí kúbùsù náà kò dín rárá. Nígbà tí mo fi àìsùúrù fo ìpele kan lọ́jọ́ kan, ẹsẹ̀ mi wú, mo sì padà sí ìpele tí mo ti fi sílẹ̀. Òtútù lọ, òjò dé. Nígbà tó yá, kúbùsù náà kù pẹlẹbẹ bí ẹní.

Mo padà sí àsálátù.

Mo wọ tákísì, mo sọ̀ ní Jeppestown, mo gun àtẹ̀gùn, mo wọlé. Àga oníke náà wà níbi tó wà. Mo kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo lọ tààrà síwájú, mo sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí mo fi jókòó níwájú Kùránì. 

Múínátù ní: “Màmá, àga yín ńkọ́?”

Mo ní: “Tó bá wù ọ́, lọ jókòó sí i.”

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín, ó yára fi ikọ́ bò ó. Múínátù fà sẹ́yìn díẹ̀, mo ṣí ìwé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà.

Fìṣàyọ̀ ti kìlọ̀ fún mi pé kí n má jẹ́ kí ẹsẹ̀ náà wà ní kíká pẹ́ jù, pé iṣan tó bá ti dàgbà máa ń gan tó bá wà lójú kan. Nígbà tí mo kà dé ìdajì, mo mọ̀ pé ó ti tó. Mo na ẹsẹ̀ kan sẹ́gbẹ̀ẹ́, sí apá ibi tí ògiri wà, mo sì fi ìborùn bò ó. Mi ò dá ìwé kíkà dúró.

“Ẹ wò ó,” ni Múínátù wí. “Ẹ̀yin èèyàn, ẹ wo ẹsẹ̀ níwájú Kùránì. Ṣé kì í ṣe ẹni tó kọ́ wa pé a kì í ṣe é nìyí?”

Mo pa ìwé dé lé ìka mi. Mo ní ògiri ni ẹsẹ̀ mi kọjú sí.

Ó ní: “Kùránì ni.”

Mo ní: “Ògiri ni. Ẹ pe ẹni tójú rẹ̀ ríran kó wá wò ó.”

Ìyá Bàṣírà dìde níbi tó jókòó sí. Ó wá lóòótọ́. Ó tẹ̀ ba sẹ́yìn mi, ó dijú kan, ó ń wo ìka ẹsẹ̀ mi bí ìgbà tí bíríkìlà bá ń wo okùn ilé. Ó ní: “Ògiri ni, Alhaja. Tó bá tún yà díẹ̀ sí i, fèrèsé ni.”

Ẹlòmíì ní: “Ṣé kí a wá bi ògiri bóyá inú ń bí i?”

Ẹ̀rín ta. Múínátù kò rẹ́rìn-ín. Ìyá Bàṣírà padà síbi ìjókòó rẹ̀, ó ní: “Ẹ máa kà á lọ, Tíṣà. Ibi tó dùn lẹ dé.” Àwọn tó wà lẹ́yìn náà ní kí n máa kà á lọ. Mo ká ẹsẹ̀ mi padà, mo kà á dé ìparí. Láti ọjọ́ náà, èmi ni mò ń kà á.

Ìtàn ìbá parí síbẹ̀. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ kó parí sí.

Àmọ́ nígbà tí a kírun Àílà tán, gbogbo èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sísàlẹ̀ lọ jẹun. Mo mọ̀ọ́mọ̀ dìde lójú wọn kí n tó tẹ̀ lé wọn, kí wọ́n lè rí i pé mi ò di ẹnikẹ́ni mú. Mo ti dé àárín àtẹ̀gùn kí n tó rántí pé mo gbàgbé gíláàsì mi sórí ẹní. Mo padà lọ mú un.

Múínátù nìkan ló kù nínú yàrá. Ó jókòó ti tẹ̀súbáà rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹyọ kan kò kúrò lójú kan. Ṣé ẹ mọ̀ pé láti ọjọ́ pípẹ́, òun ló máa ń kẹ́yìn? Gbogbo wa rò pé wúrídì rẹ̀, àdúrà tó ń fi tẹ̀súbáà kà, ló gùn. A tiẹ̀ máa ń yìn ín fún un.

Kò rí mi. Ó fi ọwọ́ méjèèjì tilẹ̀, ó yí ara rẹ̀ bí ọmọ tó fẹ́ rá, ó nawọ́ sí etí fèrèsé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tẹ̀ lé e. Ó padà jókòó, ó ń mí hẹlẹ. Ó tún gbìyànjú, ó tún jókòó.

Mi ò ní bá yín parọ́. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ń wò ó. Ó dùn mọ́ mi. Mo dúró pẹ́ ju bó ti yẹ lọ.

Ohun tó jẹ́ kí n wọlé ni pé ó ti fẹ́ fi agbára jágbà dìde, mo sì mọ ariwo tó ń tẹ̀ lé e. Mo ní: “Má fà á. Ó máa fàya.” Ó ta gìrì. Mo ní kí ó kọ́kọ́ na ẹsẹ̀ náà, kí ó máa yí ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ lè dé ibẹ̀, kí ó fi ọwọ́ ra ẹ̀yìn ojúgun rẹ̀ títí yóò fi móoru. Ó ṣe é. Kò bá mi jiyàn, òun tó máa ń bá róbọ́ọ̀tì jiyàn. Nígbà tí ó tó àkókò, mo gbé àga oníke náà wá síwájú rẹ̀ kó lè dì í mú. Ó fi orúnkún kan tilẹ̀, ó dìde, ó jókòó sí àga náà, ó ń wo ilẹ̀.

Kí n tó sọ ohun tó tẹnu rẹ̀ jáde, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí èmi rí kọ́, nítorí ẹ̀yin náà ń dàgbà.

Ẹ má fa iṣan tó tutù. Ẹ má fi ìbínú na ara yín, ara ò mọ ẹni tí ẹ ń bá jà, ẹ̀yin nìkan ló mọ̀. Ohun tó fi ogún ọdún gan kò lè fi ọ̀sẹ̀ kan dẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń dẹ̀. Tí iṣan bá sì ti fàya rí, ẹ lọ sọ́dọ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n, ẹ má ṣe bíi tèmi. Ní ti pé kí n dárí ji Múínátù, mo ṣì ń rò ó. Ó jọ pé awọ kan wà níbẹ̀ tó ti ki.

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ta ló kọ́kọ́ pè yín ní arúgbó lójú àwùjọ, kí lẹ sì ṣe sí i? Èwo nínú ohun tí ara yín ń ṣe tẹ́lẹ̀ ló ti kọ̀ báyìí, tí ẹ ń fi ọgbọ́n bò mọ́lẹ̀ kí àwọn èèyàn má baà mọ̀? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí kí n kà á. Ẹ dárúkọ wọn tí ẹ bá fẹ́.

Múínátù jókòó sórí àga yẹn fún ìgbà díẹ̀, ó ń fi ọwọ́ pa itan rẹ̀. Kò pè mí ní Màmá. Ó ní: “Sàfú, ara mi ni mo ra àga yìí fún. Ojú ló ń tì mí láti jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tó máa jókòó sí i, mo ní kí n fi ọ́ ṣáájú kí n lè tẹ̀ lé ọ. Wọ́n wá ní kí n jókòó sílẹ̀ níwájú, kí n máa kàwé.”